Kí Ẹ Tó Sanwó Ẹran Ìgbẹ́ Yẹn, Ẹ Béèrè

Ẹ̀ẹ̀rùn ti dé. Igbó ń gbẹ, ewé ń wọ́, ẹran kò fi bẹ́ẹ̀ ríbi sá sí mọ́. Àkókò yìí ni ẹran ìgbẹ́ máa ń pọ̀ lọ́jà. Ọ̀yà gbígbẹ wà lórí àtẹ. Òkété wà nínú agbọ̀n. Ọ̀kẹ́rẹ́ tí àwọn ọmọ pa lóko kòkó ti dé ẹ̀bá ààrò. Ẹ kú oríire o.

N kò ní sọ pé kí ẹ má jẹ ẹ́. Ta ló fẹ́ gbọ́ irú ìyẹn? Iyán gbígbóná, ẹ̀fọ́ rírò, itan ọ̀yà tí èéfín ti wọ̀ dé eegun! Ẹni tó bá ní kí a fi sílẹ̀, kó kọ́kọ́ bá wa ra ẹran màlúù ní iye tí wọ́n ń tà á báyìí. Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ kí ẹ tó sanwó. Ẹ sì fọ ọwọ́ yín.

Owó yín ló ń rán ọdẹ níṣẹ́. Ohun tí ẹ rà lánàá ni yóò tún wọgbó lọ wá lálẹ́ òní. Ẹ ra ọ̀bọ, yóò wá ọ̀bọ lọ. Ẹ ra ẹran tí wọ́n fi oògùn pa, oògùn ni yóò tún rà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ̀ ọ́, tí ẹni tó dúró lẹ́yìn yín náà kọ̀ ọ́, yóò jáwọ́. Kò sí ọlọ́pàá kankan tó lè ṣe èyí tó yín.

Torí náà, bí ẹ bá dé iwájú àtẹ, ẹ má kàn dúnàádúrà. Ẹ ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló pa ẹran yìí?"

Ẹni tó mọ ẹran rẹ̀ yóò fi ojú ọgbẹ́ hàn yín. Ibi tí ọta wọlé máa ń hàn. Ibi tí wáyà pàkúté ti fún un lọ́rùn máa ń hàn. Ibi tí ajá ti bù ú jẹ náà kò ṣeé fi pamọ́. Bí ẹran bá nà gbalaja tí kò ní ojú ọgbẹ́ kan ṣoṣo, ẹ kí ìyá dáadáa, kí ẹ máa lọ.

Ìdí rèé. Àwọn kan wà tí wọ́n ń po oògùn apakòkòrò mọ́ oúnjẹ, tí wọ́n á gbé e sójú ọ̀nà tí ẹran ń gbà. Òtapíàpíà tí ẹ fi ń lé aáyán nílé, òun náà ni. Àwọn mìíràn ń da oògùn Gamalin sínú odò, kí ẹja lè léfòó. Ẹran tó mu omi ibẹ̀ ńkọ́? Ẹran jẹ oògùn, ẹ̀yin jẹ ẹran. Iná ń pa kòkòrò àrùn, ṣùgbọ́n ẹ má retí pé yóò mú májèlé kúrò. Ẹ lè sè é títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ewu rẹ̀ ṣì wà nínú ọbẹ̀.

Ẹran tó kú fúnra rẹ̀ náà, ẹ fi sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ó máa ń dunni láti rí ẹtu ńlá nílẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí èèyàn sì kọjá lára rẹ̀. Ẹ kọjá. Ẹ rántí 2023. Ní oṣù June ọdún náà ni àrùn anthrax ṣọṣẹ́ ní àríwá Ghana. Nígbà tó fi máa di July, wọ́n ti rí i ní oko ẹran kan ní Suleja, ní Ìpínlẹ̀ Niger. Ìjọba tilẹ̀ ní kí a ṣì jìnnà sí pọ̀nmọ́ àti ẹran ìgbẹ́, ariwo sì sọ káàkiri, nítorí ta ló lè yọwọ́ pọ̀nmọ́ kúrò nínú ọbẹ̀ Yorùbá? Anthrax kì í bẹ̀rù ẹni tó ń kun òkú ẹran. Ẹ má kun òkú ẹran.

Ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin awakọ̀ kí n tó gbàgbé. Lójú ọ̀nà márosẹ̀, bí ẹ bá rí ọmọkùnrin kan tó na ọ̀yà sókè ní ìrù, ẹ má tẹ bíréékì lójijì. Ẹni tó wà lẹ́yìn yín kò mọ̀ pé ebi ọ̀yà ń pa yín. Ẹ tan iná àfihàn, ẹ yà kúrò lójú títì pátápátá, kí ẹ tó máa nájà. Ìyàwó yín fẹ́ràn ọ̀yà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin gan-an ló ń retí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ ilé ìdáná. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí.

Ọ̀pọ̀ wa gbà pé inú jíjẹ nìkan ni ewu wà. Rárá o. Ẹran tó jinná dénú kì í sábà ní kòkòrò àrùn tó lè mú yín. Kí ẹran tó dé orí iná ni wàhálà pọ̀ sí: ìgbà tí ẹ ń bó o, tí ẹ ń kun ún, tí ẹ̀jẹ̀ ń ta sí yín lójú, tí ọ̀bẹ sì rẹ́ yín níka. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gbà pé ara ìnàkí ni kòkòrò HIV ti wá, ní apá gúúsù ìlà-oòrùn Cameroon, ní nǹkan bí 100 ọdún sẹ́yìn. Ohun tí wọ́n rò pé ó gbé e wọ ara èèyàn ni ẹ̀jẹ̀ ẹran tí wọ́n ń kun. Ojú ọgbẹ́ kékeré lọ́wọ́ ọdẹ kan ti tó.

Torí náà, bí ọwọ́ yín bá bó, ẹ gbé ọ̀bẹ fún ẹlòmíràn. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Bí kò bá sí, ẹ ki ọwọ́ bọ inú ọ̀rá tó mọ́, méjì méjì, kí ẹ so ó mọ́ ọrùn ọwọ́. Kò rẹwà, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ lé àwọn ọmọ kúrò nítòsí. Ọ̀bẹ tí ẹ fi kun ẹran tútù, ẹ má fi gé tòmátì títí ẹ ó fi fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Ìfun tí ẹ yọ, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ kí ẹ bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ má jù ú sí ajá. Tí ẹ bá ṣe tán, ẹ fọ ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ńkọ́? Àwọn kan kì í kà á sí ẹran. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí. Ohun tó ń jẹ ẹyìn àti kòkó láàárọ̀ lálẹ́, kí ló fẹ́ mú un má dùn? Ẹ fi iná wí irun rẹ̀ tán pátápátá. Ẹ fi ojú ọ̀bẹ ha á, ẹ fi kànìnkànìn àti iyọ̀ fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́. Ẹ la ikùn rẹ̀ jẹ́jẹ́. Bí òróòro bá bẹ́ sí i lára, ọbẹ̀ yẹn ti korò nìyẹn. Ìfun rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ má bá a jà, ẹ sin ín.

Ẹ gé e sí mẹ́rin. Ẹ bọ̀ ọ́ pẹ̀lú àlùbọ́sà, iyọ̀, ata gígún àti ẹfinrin, ẹfinrin ni yóò pa òórùn igbó. Ẹ dé ìkòkò. Ọ̀kẹ́rẹ́ tó ti gbó, wákàtí kan kò pọ̀ jù fún un. Bí ẹran bá ń ṣí kúrò lára eegun fúnra rẹ̀, ó jinná. Bí ẹ bá ṣì rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́bàá eegun, ẹ dá a padà sórí iná. Bó bá jinná tán ni kí ẹ tó dà á sínú ẹ̀gúsí. Ẹ fi irú sí i dáadáa. Kí ẹ sì rán ọmọ sí mi.

Ẹran tí wọ́n fi ìbọn ṣakabùlà pa ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ọta inú rẹ̀ lè jẹ́ òjé. Kí ẹ tó gbé ẹran kaná, ẹ fi ìka tẹ gbogbo ara rẹ̀ wò. Ibikíbi tí ọta bá gbà wọlé, ẹ gé ẹran ibẹ̀ tó ti dúdú kúrò, kí ẹ sì jù ú nù. Ẹ má ṣahun sí i. Òjé kì í bá ọmọdé ṣeré: òun ló pa àwọn ọmọ tó lé ní 400 ní Zamfara ní 2010, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta góòlù nínú àgbàlá. Ìwọ̀nba díẹ̀ inú ẹran kò tó tibẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n opolo ọmọ yín kò nílò ìkankan nínú rẹ̀.

Ẹran gbígbẹ náà fẹ́ ojú. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bí ó bá ń rùn bí oògùn, kì í ṣe èéfín nìyẹn. Àwọn kan máa ń fín oògùn apakòkòrò sí ẹran àti ẹja gbígbẹ kí eṣinṣin má bàa bà lé e. Èyí tí ewú funfun ti hù lára rẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ín. Èyí tó dáa, ẹ fi omi gbígbóná àti iyọ̀ ṣan án, kí ẹ bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó wọ ọbẹ̀. Wọ́n ti yan án lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ kò mọ iye ọwọ́ tó ti gbé e kiri.

Ẹ̀yin òbí abúlé, tiyín rèé. Àwọn ọmọ yín ń fi kànnàkànnà ta ọ̀kẹ́rẹ́ lọ́nà oko. Ó dáa, àwa náà ṣe é. Àwọn àgbà ní ọ̀kẹ́rẹ́ gorí ìrókò, ojú ọdẹ dá. Èyí tí kò lè gorí igi mọ́ ńkọ́, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ nílẹ̀, tí ọmọ kàn fi ọwọ́ gbé bẹ́ẹ̀? Àìsàn ló ń ṣe é. Ní 1985, ara ọ̀kẹ́rẹ́ kan tó ń ṣàìsàn ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń pè ní Zaire nígbà náà ni wọ́n ti rí kòkòrò tó ń fa mpox, àrùn tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀ sí monkeypox. Ọ̀bọ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, ṣùgbọ́n ojú àwọn onímọ̀ túbọ̀ wà lára ọ̀kẹ́rẹ́ àti eku. Nàìjíríà kò gbúròó àrùn náà fún ọdún 39, àfi bó ṣe tún yọjú ní September 2017. Ẹ pe ọmọ yín lálẹ́ òní. Ẹ sọ fún un pé: ẹran tí kò bá lè sá, má gbé e. Gbólóhùn kan péré ni.

Ẹ̀yin ará Ìdàńrè tí ẹ ń ṣọdún àdán, ẹ má bínú sí mi. Ọdún yín ni, ẹ máa ṣe é. Àmọ́ àwọn onímọ̀ tó yẹ àdán inú ihò àpáta yín wò rí àmì àwọn kòkòrò tó jẹ́ ìbátan èyí tó ń fa dìgbòlugi. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn kí ẹ tó mú wọn. Ẹni tí àdán bá gé jẹ, kó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kó sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ̀yin ọdẹ tí ẹ ní ajá, ẹ ti fún un ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi lọ́dún yìí? Ẹ lọ ṣe é.

Ẹran wo ni kí ẹ fi sílẹ̀ pátápátá? Àkọ́kọ́ ni akika, ẹran onípẹ́ẹ́pẹ́ tó máa ń ká ara rẹ̀ jọ bí ọwọ́ bá kàn án. Èèrà àti ikán ló ń jẹ. Ọmọ kan ṣoṣo ló sábà máa ń bí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wò ó, ẹran tó ń bí ọ̀kọ̀ọ̀kan, báwo ló ṣe fẹ́ bá ìkòkò wa sáré? Ní 2016, àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé péjọ sí South Africa, wọ́n sì fòfin de títà á láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Síbẹ̀, ní 2021, ìpẹ́ rẹ̀ tó lé ní tọ́ọ̀nù 7 ni àwọn aṣọ́bodè gbá mú ní Lekki níhìn-ín. Tọ́ọ̀nù 7! Ìpẹ́ lásán nìyẹn o, kì í ṣe ẹran. Bí ẹ bá rí i lọ́jà, ẹ má rà á, kódà kó jẹ́ pé ẹ fẹ́ lọ tú u sílẹ̀ nínú igbó. Owó yín ṣì ni yóò rán ọdẹ padà.

Ọ̀bọ, edun àti ìnàkí náà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n sún mọ́ wa jù, àrùn wọn sì mọ ọ̀nà ara wa. Ilé tó bí ìbejì kì í kúkú jẹ edun láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wa di ilé ìbejì lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún yín pé inú Old Oyo National Park lòun ti pa ẹran tòun, ẹ mọ̀ pé olè ló ń ta ọjà fún yín. Òfin kò gba ọdẹ ṣíṣe níbẹ̀.

Ọ̀yà, òkété àti ọ̀kẹ́rẹ́ ń bí dáadáa ní tiwọn. Ọ̀yà tilẹ̀ ṣeé sìn. Àwọn ará orílẹ̀-èdè Benin tó múlé gbè wá ti ń sìn ín láti àwọn ọdún 1980. Nǹkan bí oṣù 5 ló fi ń lóyún, ó sì sábà máa ń bí bíi mẹ́rin. Eésún lóúnjẹ rẹ̀, eésún kò sì wọ́n létí odò wa. Bí ẹni kan bá ń sìn ín ládùúgbò yín, ẹ rà á lọ́wọ́ rẹ̀, kó má bàa sú u.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi iná lé ọ̀yà jáde nínú igbó, mo mọ̀ pé iṣẹ́ náà yá. Ẹ jáwọ́. Iná tí ẹ dá ní Òkè-Ògùn kì í béèrè ẹni tó ni oko kí ó tó wọlé. Nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀. Bí igbó bá jóná, ibo ni eku ń sá lọ? Inú ilé wa ni. Àká wa ni. Àpò gàrí wa ni.

Ibẹ̀ gan-an ni ibà Lassa ń gbà wọlé. Lassa ní Borno ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá a mọ̀, ní 1969, ìlú náà ni wọ́n sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Lónìí, Oǹdó wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó ń kojú rẹ̀ jù lọ́dọọdún, ẹ bi àwọn ará Ọ̀wọ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yìí ló máa ń le jù. Eku kékeré kan tó ń gbé ilé, tó ń gbé oko, ló ń gbé e kiri. Ó ń tọ̀ sórí oúnjẹ, a ń jẹ ẹ́. Nínú gbogbo ẹran inú ọ̀rọ̀ yìí, eku kékeré yẹn ni kí ẹ bẹ̀rù jù, òun náà ni àwọn ọmọ sì máa ń yan jẹ lóko. Ẹ dá wọn lẹ́kun. Ẹ ra ike olómorí fún gàrí àti èlùbọ́ yín. Ẹ má sá láfún sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì sùn mọ́jú. Ẹ dí ihò tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná, ẹ mọ èyí tí mò ń wí.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń sọ nínú ọkàn wọn: irú ariwo yìí náà la gbọ́ nígbà Ebola. Òótọ́ ni. Ní July 2014, ọkọ̀ òfuurufú ló gbé Ebola wọ Èkó, kì í ṣe agbọ̀n ọ̀yà. Síbẹ̀ àwọn ìyá tó ń ta ẹran ìgbẹ́ ló jìyà rẹ̀. Ọjà wọn kú. Àwọn mìíràn ń fi omi iyọ̀ wẹ̀ lóru. Èèyàn 8 kú, kí wọ́n tó kéde ní October 20 pé a ti bọ́. Ohun tó gbà wá kì í ṣe iyọ̀. Àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì tó dúró ti iṣẹ́ wọn ni, àti àwọn tó lọ ń wá gbogbo ẹni tó ti fara kan aláìsàn kiri, ojúlé dé ojúlé, àti ọwọ́ tí gbogbo wa ń fọ̀. Gáráwà omi àti ọṣẹ tí a gbé sẹ́nu ọ̀nà nígbà náà dà? Ẹ lọ gbé e jáde. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ẹ ti ń kun ẹran.

Ó ku ohun kan, òun ló sì ṣe pàtàkì jù. Bí ara yín bá gbóná láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ kun ẹran ìgbẹ́, tí ẹ lo oògùn ibà tí kò sì lọ, ẹ má dúró de agbo. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má sì jẹ́ kí nọ́ọ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa méfò. Ẹ sọ fún un tààrà pé, "Mo kun ẹran ìgbẹ́," kí ẹ sì sọ irú ẹran tó jẹ́. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Oògùn Lassa ń ṣiṣẹ́ jù bí wọ́n bá tètè lò ó, ọ̀pọ̀ ẹni tó sì kú ló jẹ́ pé wọ́n ti ń tọ́jú ibà lásán fún wọn kí ẹnikẹ́ni tó béèrè. Nọ́ńbà NCDC, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn, ni 6232, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri ilé ìdáná yín lónìí, kí ẹ tó gbé ìkòkò kaná.